Ẹfun Bàtà Mi Ni, Kì í Ṣe Ti Jeremáyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà mi yìí nínú ìwé ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ óò bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí ó ti sú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi bí oúnjẹ tó ti kan tí ènìyàn jẹ tí kò sì rí bì.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ba nǹkan kan jẹ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹlòmíràn ló ṣe é, wọ́n lé e lọ, wọ́n pè é ní ẹlẹ́tàn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò wọ́n. N kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sì sọ̀rọ̀, ohun tó burú ju ìdákẹ́ lọ ni mo sọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé ọkùnrin náà, Jeremáyà, fẹ́ jáde síwájú gbogbo ìjọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí àkókò yìí. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun kò dá. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Èyí tó ń rí mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé, ó wà nísàlẹ̀, ẹ óò kà á.

Ẹ má bi mí lórúkọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, onítẹ̀bọmi ni mí, Abúlé Òkúta ni mo sì ń gbé. Àwọn ará ilé wa ń pè mí ní Àfínjú. Orúkọ yẹn máa ń dùn mọ́ mi nígbà kan. N kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun nínú abọ́ kan náà. Bí wọ́n bá bu omi fún mi nílé onílé, mo máa ń kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ife náà. Bí ènìyàn bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń sún kúrò. Gbogbo nǹkan ló ń rí mi lára, mo sì rò pé ìwà ọmọlúàbí ni, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run fi ìmọ́tótó ta mí lọ́rẹ ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ wo bàtà mi, ẹ óò mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Kánfáàsì funfun ni. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo ń fi ẹfun òyìnbó kùn ún, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, tó rí gìdìgbà bí ọṣẹ. Mo máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo máa ń pò ó mọ́ omi, mo máa ń fi aṣọ kùn ún mọ́ bàtà. Tó bá di Ọjọ́ Ìsinmi, kò sí ẹni tí bàtà rẹ̀ funfun tó tèmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹfun yìí náà ni mo fi ń dán gíláàsì àtùpà mi. Eérú ni ìyá mi fi ń fọ tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Èmi rò pé mo ti kúrò nípò eérú.

Ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ṣómólú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ló wà lápá ọ̀tún wa, ilé ìtẹ̀wé ló wà lápá òsì, ariwo ẹ̀rọ wọn kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Òyìnbó kan ni ọ̀gá wa. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri, wọ́n sì ń kó òkúta tó bá jáde láti inú ihò náà sínú àpò kéékèèké ránṣẹ́ sí wa. Iṣẹ́ tiwa ni láti wo inú òkúta náà ká sì sọ bó ti dàgbà tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí díẹ̀, torí bí kò bá yé yín, ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ní yé yín. Láyé ìgbà tí kò tíì sí ènìyàn kankan, àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tíntìntín kan ń léfòó nínú òkun. Wọ́n kéré ju ìyẹ̀fun kíkúnná lọ. Wọ́n ní ìpẹ́ lára bí ẹja, ṣùgbọ́n ẹfun ni ìpẹ́ tiwọn. Bí wọ́n ti ń kú ni ìpẹ́ náà ń rì sísàlẹ̀ òkun, ó ń kóra jọ, ó ń di òkúta. Irú tó wà lásìkò kan kọ́ ló wà lásìkò mìíràn. Bí irú kan bá ti tán láyé, kì í padà wá mọ́. Nítorí náà ẹni tó bá lè dá irú ìpẹ́ tó wà nínú òkúta mọ̀, ó ti mọ ìgbà tí òkúta náà dé ayé nìyẹn.

Bí a ṣe ń wò ó kò ṣòro. Èèyàn á ha òkúta náà díẹ̀, kò ní ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Á pò ó mọ́ ẹ̀kán omi kan lórí dígí pẹlẹbẹ, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀ ẹ́, á yá a lórí iná títí yóò fi gbẹ. Á wá kán oje igi lé e, á fi dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn bò ó, á gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

Jeremáyà ló ń ṣe gbogbo èyí. Iṣẹ́ tèmi ni yíyàwòrán. Ohun tó bá rí ni mo ń wò nínú awò, tí mo sì ń yà sínú ìwé, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀.

Òun náà ló ń fọ dígí. Ọ̀gá ti fún wa lófin kan lórí dígí, òfin náà kò sì le. Ásíìdì ni ká fi fọ̀ ọ́, ká fi omi ṣàn án, ká fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun nù ún. Ásíìdì máa ń jẹ gbogbo ohun tó bá jẹ́ ẹfun run, kí èyí tó wà lórí dígí lánàá má bàa dà pọ̀ mọ́ tòní. Jeremáyà kò kọjá òfin yẹn rí. Èmi ni mo kọjá rẹ̀.

Èèyàn Ìlàjẹ ni Jeremáyà. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ló ń gbé, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pẹja, ìyá rẹ̀ ń yan án. Ìwé mẹ́fà ló kà, èmi náà ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ríran ju tèmi lọ. Ó lè rí nǹkan nínú awò tí èmi á wò títí tí n kò ní rí. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, nítorí náà ó ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá, kì í sì í jókòó bí mo bá wà lórí ìdúró.

Òórùn ẹja yíyan ló ń rùn sí mi. Mo ti wí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó dọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wẹ̀ lójúmọ́, aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja ló ń sùn, èéfín wà nínú aṣọ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè fi ṣe é. Bó bá ti wọlé láàárọ̀, imú mi á ká kò. Mo máa ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí àwọn dígí yẹn, ọkàn mi á sì máa sọ pé ọ̀rá ẹja ni, ọ̀rá ẹja ni. Tó bá yá, èmi á gbé ojú àti ìka tèmi sún mọ́ dígí kan náà. Itọ́ ìríra á kún mi lẹ́nu.

Nítorí náà, nígbàkígbà tó bá jáde lọ jẹun lọ́sàn-án, mo máa ń mú aṣọ funfun kan jáde láti inú àpótí tábìlì mi, mo máa ń nu gbogbo dígí tó fọ̀ sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, aṣọ gbígbẹ lásán ni. Nígbà tó ṣe, ó ń ṣe mí bíi pé aṣọ gbígbẹ kò tó. Mo bá fi ẹfun bàtà mi sí aṣọ náà, bí mo ti ń ṣe sí gíláàsì àtùpà. Dígí náà ń dán gbinrin. Inú mi dùn.

Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ kan. Àpò òkúta kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti inú ihò kan, òkúta tí a ti mọ̀ pé kò dàgbà rárá, tó sì ṣọ̀wọ́n kí á tó rí ìpẹ́ kan nínú rẹ̀. Jeremáyà jókòó tì í láti àárọ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, ó pariwo.

“Bọ̀ọ̀dá! Ẹ wá wò ó, ẹ jọ̀ọ́! Irú ìpẹ́ yìí kò sí nínú búùkù. Mo ti ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí níbẹ̀!”

Mo wò ó. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, ohun náà lẹ́wà. Ó rí roboto, ó gùn díẹ̀ bí ẹyin. Etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ yí ká. Láàárín rẹ̀, igi méjì dábùú ara wọn. Awò wa ní dígí méjì kan tí a máa ń yí tí gbogbo ibẹ̀ fi ń ṣókùnkùn, tí ohun tó bá jẹ́ ẹfun nìkan á máa tàn. Jeremáyà yí i, ìpẹ́ náà tàn yòò, àgbélébùú dúdú kan sì yọ lórí rẹ̀. Mo ní ṣé kò ní sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé òun rí àmì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iná ló ń fa àgbélébùú yẹn, Bọ̀ọ̀dá, bí a bá yí ìmọ́lẹ̀ á lọ.

Ó ka àwọn eyín etí rẹ̀ bí ẹni ń ka ojú àwọ̀n. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fọkàn tán an. Ó wá wọn gígùn rẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣe dígí kejì láti inú òkúta kan náà, ó rí i níbẹ̀. Ó ṣe ẹ̀kẹta, ó tún rí i. Ó ní bí èèyàn bá rí nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í ṣe àṣìṣe mọ́, òótọ́ ni.

Orí dígí tí èmi fi ẹfun nù ló ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà. N kò mọ̀ nígbà yẹn. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, n kò mọ̀. Ó wù mí kí ẹ gba ìyẹn gbọ́, ìyẹn nìkan ni mo lè fi tọrọ àánú.

Mo ya àwòrán rẹ̀. Inú mi kò dùn. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń ya eyín wẹ́wẹ́ yẹn, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ẹlẹ́ja yìí ló wá fẹ́ wọ ìwé àwọn òyìnbó. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi di etí tábìlì mú níbi tó ti ń wo àwòrán mi. Mo ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀, kó jẹ́ kí n ráyè.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó wò ó títí. Ó wo gbogbo ìwé tó wà ní ilé-iṣẹ́, kò rí i níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Jeremáyà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní irú ẹ̀dá tuntun máa ń ní orúkọ méjì, ti ìdílé rẹ̀ àti ti ara rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ló sì ń fún un ní ti ara rẹ̀. Ó bi Jeremáyà pé kí ló fẹ́. Jeremáyà ní bí kò bá burú, sà, òun fẹ́ kó jẹ́ Bàrígà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Wọ́n kó dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àwòrán mi sínú àpótí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun tó mọ̀ nípa wọn jù.

Jeremáyà sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún gbogbo etí ọ̀sà. Ṣé ẹ mọ bí obìnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Kí oṣù tó parí, àwọn tí kò mọ ohun tí òkúta jẹ́ ti ń sọ ọ́ ní Ìlàjẹ pé ohun kan ń bọ̀ tí yóò máa jẹ́ Bàrígà títí ayé.

Ó gbà tó oṣù mélòó kan kí lẹ́tà náà tó padà. Ọjọ́ Ẹtì ló dé. Ọ̀gá kà á lórí ìdúró, ojú rẹ̀ pọ́n wá. Ó ní ọ̀mọ̀wé náà kọ̀wé pé kì í ṣe irú tuntun rárá. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, òkè ẹfun tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún un bámúbámú, ó sì ti tán láyé tipẹ́tipẹ́ kí òkúta inú ihò wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ó ní kò lè dé inú òkúta yẹn fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló da ẹfun sí i. Ọ̀gá ní ó di Mọ́ńdè, òun máa wádìí rẹ̀.

Nígbà tó dárúkọ ẹfun, mo rántí aṣọ tó wà nínú àpótí tábìlì mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ. Oòrùn ṣì ń ràn. Mo ha díẹ̀ lára ẹfun bàtà mi sórí dígí, mo pò ó, mo fẹ̀ ẹ́, mo gbé e sábẹ́ awò. Mo yí dígí méjèèjì tí gbogbo ibẹ̀ fi ṣókùnkùn.

Wọ́n kún ibẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òun náà ni, pẹ̀lú eyín wẹ́wẹ́ yẹn, pẹ̀lú igi méjì láàárín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Mo ti ń fi wọ́n kun bàtà, mo ti ń fi ẹsẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé Ọlọ́run, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n mọ́ gbogbo ohun tí Jeremáyà fọ̀ ní mímọ́. Nínú wa, èmi ni ìdọ̀tí. Mo sáré jáde sẹ́yìn ilé, mo bì.

Lẹ́yìn tí mo bì tán, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo mú aṣọ yẹn kúrò nínú àpótí tábìlì mi, mo wé e sínú àjákù pépà láti ilé ìtẹ̀wé, mo gbé e lọ sílé, mo jù ú sínú ṣáláńgá. Mo dúró ti òórùn ṣáláńgá náà títí tí n kò fi rí funfun rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo kun bàtà mi. Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ìsinmi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí pé kí ló ṣe bàtà mi tí kò funfun.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá já páálí dígí tuntun kan níwájú gbogbo wa. Ó ní kí Jeremáyà tún ṣe é láti inú òkúta kan náà, lójú òun. Jeremáyà ṣe mẹ́fà. Ó dá a lójú pé yóò rí i. Wọ́n wò ó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá bá mi wò ó,” ló ń sọ. “Bóyá ojú mi ló rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó.”

Mo bá a wò ó. Mo tẹjú mọ́ ohun tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, mo sì ń mi orí.

Ọ̀gá bi í pé níbo ló ti rí ẹfun. Ó ní, “Sà, mi ò da nǹkan kan sí i o. Mo fi Ọlọ́run búra, sà. Dígí yẹn mọ́. Èmi fúnra mi ni mo fọ̀ ọ́.” Ohun tó fẹ́ fi gba ara rẹ̀ là gan-an ló dè é. Bí dígí bá mọ́, tí òkúta kò sì ní i, ta ló kù?

Ọ̀gá wá yíjú sí mi. Ó ní ṣé mo rí i nígbà tó da nǹkan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “N kò rí i, sà. Ṣùgbọ́n ó wù ú púpọ̀ kí orúkọ rẹ̀ jáde.”

Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń káàánú rẹ̀. Jeremáyà wò mí, ó sorí kọ́, nítorí òótọ́ ni pé ó wù ú. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, wọ́n ti gé ìka kan, ọwọ́ mi sì pé.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní kí n máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti tèmi, wọ́n sì sọ mí di ọ̀gá kékeré. Mo gbà.

Ó padà sí orí omi. Àwọn ará etí ọ̀sà kò jẹ́ kó sinmi. Jeremáyà Ẹlẹ́fun ni wọ́n ń pè é. Bó bá ná ẹja, wọ́n á ní ẹ ṣọ́ra, kó má lọ da ẹfun sí i. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ṣì ń rí i? Òun ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Oṣooṣù ló ń gbé ẹja yíyan wá fún mi ní Abúlé Òkúta, tí a wé sínú ewé. Ó ní èmi nìkan ni n kò bú òun níbi iṣẹ́ yẹn. Ó ní òun fi etí ara òun gbọ́ ọ tí mo sọ fún ọ̀gá pé n kò rí i kí òun da nǹkan sí i. Ó ń dúpẹ́ gbólóhùn kìíní lọ́wọ́ mi, ó ti gbàgbé èkejì.

Ẹja àkọ́kọ́, mo gbé e jù fún ajá. Ìkejì náà, ajá ló jẹ ẹ́. Ìkẹta, ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ ẹ́ tí mo sì ń lá ọwọ́. Èmi Àfínjú. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, mo máa ń wo dígí, ojú tí mo ń rí nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú ẹni tó ń jẹ èébì ara rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó wá, kò gbé ẹja wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mátà ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, èyí sì ti ń wọ oṣù kẹjọ, ara obìnrin náà kò le. Ìjọ aládùúrà ni wọ́n ń lọ. Níbẹ̀, bí ọmọ bá fẹ́ ṣòro bí, wọ́n gbà pé ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá tàbí ìyá bò mọ́lẹ̀, tí ọ̀nà ọmọ kò sì ní là títí wọn ó fi jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

“Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ti ẹfun yẹn ló dí Mátà lọ́nà,” ló wí. “Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà tó gẹ́ẹ́, kí n jáde kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa gbàdúrà fún àwọn aboyún. Mo ní mi ò ṣe é. Wọ́n ní ṣé òyìnbó ló máa purọ́ mọ́ mi ni? Ìyá mi ń sunkún. Mátà náà ń sunkún. Ìgbà mìíràn, mo máa ń bi ara mi pé àbí mo ṣe é, tí mi ò mọ̀?”

Ó ní, “Ẹ̀yin ni àgbà mi. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe, ṣé irọ́ kọ́ ni mò ń pa níwájú Ọlọ́run? Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, tí nǹkan bá ṣe Mátà ńkọ́?”

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. N kò sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, “Jẹ́wọ́, Jeremáyà. Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ. Jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán.”

Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn, ohun tí mo ní ẹ óò kà nísàlẹ̀. Ara mi fúyẹ́ gan-an. Mo rò ó pé bó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣe é, kò sí ẹni tó lè wá bi mí léèrè mọ́ láyé.

Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú ìwé, kí òun lè kà á jáde, nítorí ọwọ́ mi dára. Mo mú pẹ́ẹ̀nì. Mo kọ ọ́ pé èmi Jeremáyà ni mo da ẹfun sí òkúta, kí n lè gba orúkọ. Ọwọ́ kan náà tó ya àwòrán ọjọ́ kìíní ló kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́, mo ń ṣọ́ ọ kó gún régé.

Ó wá bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti rí ẹfun ńkọ́?”

N kò ronú. Mo ní, “Sọ pé ti bàtà ni.”

Ó ní, “Ti bàtà? Èmi tí mi ò ní bàtà funfun rí?”

Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wo igun yàrá níbi tí bàtà mi wà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá.” Ó ká ìwé náà, ó fi í sí àpò, ó lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti mọ̀ ni? Bó bá ti mọ̀, kí ló ń dúró dè? Ṣé èmi ló ń dúró dè? Bí kò bá sì mọ̀, ó máa kà á jáde, Mátà á gbọ́ ọ, ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ, ọmọ tó ń bọ̀ yẹn á sì dàgbà pẹ̀lú bàbá tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́tàn.

Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́, n kò jiyàn. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí Jeremáyà béèrè ìdí tí mo fi ń nu dígí tó ti fọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé òórùn ilé ìyá rẹ̀ ni? Mo lè sọ fún ọ̀gá pé mo da ẹfun sí dígí. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ wo ojú ọkùnrin yẹn kí n sọ pé ó ń rí mi lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀gá ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí àwọn àgbà ìjọ rẹ̀, àbí kí n dúró kó kà á tán kí n tó dìde níbẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dáhùn.

Mo ti ka ìwé yìí láti òkè, mo sì rí ohun tí mo tún ṣe. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà Jeremáyà, kò gba ìdajì wákàtí fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin tí n kò rí rí ni mo kọ̀wé sí.